Ogún Tí Kì Í Ṣe Adé



 

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí dá lórí ogún. Kí ni bàbá lè fi sílẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ yóò fi di aṣáájú? Ìbàdàn ni ìbéèrè yìí bá mu jù, nítorí pé ìlú tí bàbá kò ti lè fi oyè ìlú sílẹ̀ fún ọmọ ni.

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ogun tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829 ti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wá. Kò sí ìdílé kan nínú wọn tó lè sọ pé ilé òun nìkan ni oyè tọ́ sí. Akin àti ọgbọ́n ni wọ́n fi ń gòkè. Títí di òní, Mọ́gàjí ni olórí agbo ilé. Láti ibẹ̀ ni yóò ti di Jagun, tí yóò sì máa gun àkàsọ̀ oyè tó lé ní ogún, yálà ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun. Bí Ọba bá wàjà, ìlà kejì ni oyè kàn. Kí ènìyàn tó dé òkè, ó ti darúgbó, ó sì ti pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ wo ọmọ àwọn akọni méjì. Basọ̀run Ògúnmọ́lá kú ní 1867. Ìgbà tó di 1912 ni ọmọ rẹ̀, Ìrẹ́fin, tó di Baálẹ̀: ọdún 45 ló wà láàárín. Ààrẹ Látòósà kú ní 1885. Ọmọ rẹ̀, Ṣítù, di Baálẹ̀ ní 1914, lẹ́yìn ọdún 29. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàbá kò sí láyé tí yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ìjòyè. Orúkọ bàbá ṣílẹ̀kùn agbo ilé fún wọn, ṣùgbọ́n kò bá wọn gun àkàsọ̀. Orúkọ náà kò sì lè di ẹnikẹ́ni mú sórí oyè, nítorí pé wọ́n rọ Ṣítù lóyè ní 1925.

Ifá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí Ìbàdàn tó wà. Nínú Ìwòrì Méjì, Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì jọba. Ní ọjọ́ kan tí bàbá ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí i. Ó wá kan Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn. Ó dúró gbagidi, kò kí bàbá. Ọ̀rúnmìlà bi í pé kí ló dé. Ó dáhùn pé ohun tí bàbá wọ̀ lòun náà wọ̀, pé bàbá dádé, òun náà dádé, adé kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún adé. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó sì fi ayé sílẹ̀ lọ sí ọ̀run. Láti ìgbà náà, aboyún kò bí mọ́, àgàn kò rí ọmọ, òjò kò rọ̀, nǹkan ọ̀gbìn rọ. Àwọn ọmọ lọ bẹ bàbá kí ó padà wálé. Kò padà. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n bá ń wá owó, ọmọ tàbí àlàáfíà, ẹni tí wọn yóò máa bi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ó yéni dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ Ọlọ́wọ̀ kì í ṣe pé ó dádé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó rò pé adé ti mú òun kúrò ní ipò ọmọ. Nígbà tí bàbá sì fẹ́ fún wọn ní ogún, kò fún wọn ní adé mìíràn, nítorí pé wọ́n ti ní adé, ìlú sì ń bàjẹ́ lójú wọn. Ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà béèrè ló fún wọn. Ẹni tí kò lè béèrè kò lè ṣáájú.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ babaláwo fi ń mú ọmọ bíbí inú wọn lọ sọ́dọ̀ awo mìíràn láti kọ́ṣẹ́. Bí abẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ náà yóò ti gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá, tí yóò kọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kí ó tó kọ́ ikin, tí yóò kọ́ ojú odù 16 kí ó tó kan àwọn 240 yòókù. Ó lè gbà á ní ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jókòó lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé òun kò lè kí àgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn agbo ilé tó wà láti Ọjà'ba, ọjà tí àwọn àgbà mọ̀ sí Ọjà Ìbà nítorí Olúyọ̀lé, dé Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnká. Nígbà tí Mọ́gàjí bá kú, ilé a máa wá ẹni tó mọ ààlà ilẹ̀, tó mọ àná, tó mọ bí wọ́n ṣe parí ìjà àná. Bí àwọn ọmọ bá wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí bàbá kò sì mú wọn jókòó ní ìpàdé ẹbí rí, orúkọ nìkan ni yóò kù fún wọn láti fi jà, kóòtù ni wọn yóò sì ti jà á. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá aráyé. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní odù kan. Bàbá ló ń mú ọmọ lọ síbi tí wọn yóò ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá ń lọ sí ìpàdé ẹbí, ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ bí àgbà ṣe ń dákẹ́ kí ó tó dájọ́. Ẹ jẹ́ kí ó rí yín níbi tí ẹ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jù yín lọ, nítorí pé ohun tí ọmọ bá rí ni yóò ṣe. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì wà láàyè.

Ifá yóò gbè yín o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.