Iṣẹ́ Físíò àti Àwọn Ọmọ Wa



Bí ọmọ bá mọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, dókítà nìkan ni a ń fẹ́ kí ó dà. Síbẹ̀, àwọn àgbà wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ kò rí ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìrìn padà. Iṣẹ́ físíò nìyẹn: fífi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara.

Ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì, ní Èkó, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní 1945. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè rẹ̀ ní 1966. Ọmọ tí ó yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì yóò kà á fún ọdún 5, ó kéré tán, yóò sì fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn èyí, ó lè sin ìjọba tàbí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ó sì lè dá ilé ìtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀.

A bẹ Ẹgbẹ́ wa kí ó máa ran ọmọ kan lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti kọ́ ọ, kí onítọ̀hún sì fi ọdún 2 sin ìlú. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.