Kòkòrò Àrùn Dìgbòlugi àti Àwọn Ọ̀nà inú Ọpọlọ



Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀lé àwo lójú omi. Ibi tí àwo bá dúró sí ni wọ́n ń tẹ̀dó sí. Lónìí, àwọn onímọ̀ ti rí àwo mìíràn tí wọ́n ń tẹ̀lé kí wọ́n lè mọ ọ̀nà inú ọpọlọ.

Hóró tí ó tó bílíọ̀nù 86 ni ó wà nínú ọpọlọ ènìyàn, wọ́n sì so kọ́ra bí àwọ̀n. Ojú lásán kò lè mọ èyí tí ó so mọ́ èkejì, ṣùgbọ́n kòkòrò dìgbòlugi mọ̀ ọ́n. Bí ajá tí ó ní in bá bu ènìyàn jẹ, inú iṣan ni kòkòrò náà ń gbà, láti hóró kan sí èyí tí ó so mọ́ ọn, títí dé ọpọlọ.

Ní ọdún 2007, Ian Wickersham, Edward Callaway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà àti Jámánì yọ ohun tí kòkòrò náà fi ń bọ́ sí hóró mìíràn, wọ́n sì fi àmì tí ń tàn sí ipò rẹ̀. Hóró tí wọ́n yàn nìkan ni wọ́n dá ohun náà padà fún. Nítorí náà, kòkòrò náà a sún ìṣísẹ̀ kan péré, a sì dúró. Hóró tí ó bá wọ̀ a máa tàn. Ara ẹranko bí eku ni a ń lò fún iṣẹ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má pe èyí ní ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní Èkó ni a ti rí ìbátan kòkòrò yìí lára àdán ní 1956, a sì rí òmíràn lára asín ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ní 1968. Orúkọ ìlú wọ̀nyí ni a fi ń pè wọ́n káàkiri ayé.

Kòkòrò tí a tún ṣe a máa dúró. Èyí tí ó wà lẹ́nu ajá kì í dúró. Bí àmì àrùn bá ti hàn, ekukáká ni ẹnikẹ́ni fi ń là á. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù kí ó tó dé ọpọlọ. Láàárín àkókò náà ni abẹ́rẹ́ ń gbani. Àwa olùkọ́ a máa rí ọmọ tí ajá bù jẹ tí ó fi í pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pàṣán. Ẹ má ṣe nà án. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójúkan náà.

A sì rọ ẹgbẹ́ wa kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún abẹ́rẹ́ àwọn ajá ìlú. Kí ẹ̀yin ẹ̀yìn odi fi owó ràn wá lọ́wọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ìṣẹ̀rí-Olófin yóò máa gbèrú o.