Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tọkọtaya Àgbàlagbà Tó Ń Bá Ọmọ Ọlọ́mọ Wáṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù)

  

Ìdí tí àwa ìgbìmọ̀ fi mú ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò níṣẹ́ wá síwájú yín lónìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú owó òwò wa. Láyé àtijọ́, tí ọmọ bá ti jáde ìwé, a máa ń sọ pé ẹrù ti sọ̀. Nísinsìnyí ńkọ́? Ọmọ á jáde ilé-ìwé, á sin ìjọba, á padà wálé, á jókòó. Owó tí à bá fi kún ọjà la fi ń ra dátà fún un, òun náà la fi ń wọkọ̀ lọ sí ìntáfíù tí wọn kì í pe èèyàn padà. Àwọn kan wà láàrin wa tó jẹ́ pé àpò ẹlùbọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí wọ́n ń ra mẹ́ta báyìí, ọjà wọn sì ń tà o. Ẹnu ọmọ méjì tó gba ìwé ẹ̀rí tí wọn ò ríṣẹ́ ló ń jẹ àpò méje tó kù.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, a fẹ́ sọ ohun tí àwọn arúgbó kan ń ṣe níbòmíràn fún yín. Ìjọ kan ló ń rán wọn níṣẹ́, Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-ìkẹhìn, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Mọ́mọ́nì. Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ni olú ilé wọn wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé a fẹ́ yí yín lẹ́sìn padà. Mùsùlùmí wà nínú wa, onígbàgbọ́ wà, oníṣẹ̀ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá mọ ọbẹ̀ sè, a máa ń bi í léèrè irú iyọ̀ tó fi sí i.

Bó ṣe ń rí nìyí. Ọkọ ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ti kó jáde nílé. Dípò kí àwọn méjèèjì jókòó ti tẹlifísàn, wọ́n á lọ sọ fún ìjọ pé àwọn ṣe tán láti ṣiṣẹ́ ìsìn. Ìjọ kò ní san owó oṣù fún wọn. Àwọn kan á lọ sí ìlú òkèèrè fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan, tàbí ọdún kan àbọ̀, owó ìfẹ̀yìntì tiwọn ni wọ́n á sì máa ná. Àwọn mìíràn ò ní kúrò nílé rárá. Orí ibùsùn wọn ni wọ́n á máa sùn, àmọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá yàn lọ́sẹ̀ wọ́n á jáde lọ síbi tí ìjọ ti ní kí wọ́n ṣèrànwọ́. Fún àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, ibùdó ìwáṣẹ́ ni. Kì í ṣe ìwàásù ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ á wọlé, wọ́n á fà á ní àga, wọ́n á jókòó tì í.

Wọn kì í fún un níṣẹ́ o, torí àwọn náà ò ní èyí tí wọ́n lè fún un. Wọ́n á bi í léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á bá a tún CV rẹ̀ kọ, wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè, wọ́n á sì ní kó padà wá lọ́jọ́ báyìí-báyìí láti sọ ibi tó dé. Pé wọ́n jẹ́ méjì náà ní àǹfààní tiẹ̀. Ohun tí ọ̀dọ́mọbìnrin kò lè sọ fún Bàbá, á lè sọ ọ́ fún Ìyá. Ọkùnrin tí ìtìjú ń pa nítorí pé wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ lẹ́ni àádọ́ta ọdún, Bàbá ló máa gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn èèyàn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá owó ńlá dé bá Amẹ́ríkà láti 1929, ìyà jẹ ìlú Salt Lake City gan-an. Harold B. Lee, tó jẹ́ olórí ẹkùn ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Pioneer níbẹ̀, sọ pé nínú 7,300 ọmọ ìjọ tó wà lábẹ́ òun, 4,800 ni kò lè dá bọ́ ara wọn tán. Bẹ́ẹ̀, irè oko wà tó fẹ́ ṣòfò lórí ilẹ̀, torí àwọn àgbẹ̀ ò ní owó tí wọ́n máa fi gba lébìrà. Wọ́n kó àwọn tí kò níṣẹ́ lọ sóko, wọ́n ká a, wọ́n gba ìpín tiwọn nínú irè náà. Ní 1936, gbogbo ìjọ náà gba ètò yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ènìyàn ṣiṣẹ́ jẹun, kó má jẹ́ pé ọrẹ ni á máa jẹ.

Ní 1938 wọ́n dá ohun kan sílẹ̀ tó yẹ kó dùn mọ́ àwọn tó ń ta okirikà nínú wa. Deseret Industries lorúkọ rẹ̀. Deseret yìí, nínú ìwé mímọ́ tiwọn, kòkòrò oyin ló túmọ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù ni. Àwọn èèyàn á kó aṣọ, bàtà àti àga tí wọn ò lò mọ́ wá, wọ́n á fi tọrẹ. Ẹni tí iṣẹ́ ṣòro fún láti rí ni wọ́n á gbà láti máa ṣà á, láti máa tà á. Wọ́n ń san owó fún un, wọ́n sì ń kọ́ ọ láti máa tètè dé, láti máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ dáadáa, títí tó fi máa ríṣẹ́ tó dára ju ìyẹn lọ síbòmíràn. Ẹ gbọ́ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí? Ṣọ́ọ̀bù tí inú rẹ̀ ń dùn nígbà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá fi í sílẹ̀ lọ!

Ní ti owó, ọgbọ́n wọn jọ tiwa. Láti 1849 ni wọ́n ti ní àpò owó kan tí wọ́n fi ń yá àwọn òtòṣì tó fẹ́ wá sí Utah ní owó ọ̀nà. Tó bá débẹ̀, tó ríṣẹ́, á máa san án padà díẹ̀díẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi wọkọ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló san o. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa á mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tó di 1880, wọ́n dárí ìdajì gbèsè náà jin àwọn tálákà. Ní 2001, Gordon B. Hinckley tó jẹ́ ààrẹ ìjọ wọn nígbà náà tún gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fi ń yá àwọn ọ̀dọ́ lówó báyìí, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí nǹkan kò ti rọrùn.

Ẹ ó bi wá pé kí ló kan Nàìjíríà níbẹ̀. Ó kàn wá díẹ̀. Nígbà tí ìjọ yìí kọ́kọ́ rán òjíṣẹ́ wá síbí ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, tọkọtaya méjì tó ti dàgbà ni wọ́n rán, Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀, Edwin Cannon àti Janath ìyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn kan lápá ìlà-oòrùn ti ń kọ lẹ́tà sí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n wá. A ò mẹ́nu kan èyí nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni pé ìgbà tí iṣẹ́ tó le dé, àgbà ni wọ́n wá lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní "Me in 30 Seconds". Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí èèyàn lè sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó lè ṣe kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé. Nígbà tí a gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa wá. Ìpolówó ọjà kọ́ nìyẹn? Ìpolówó ọjà l'àgúnmu òwò, àwa la ni í! Èwo nínú wa ló máa jókòó ti tòmátì tí kò ní pariwo rẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa, tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ní "sọ nípa ara rẹ", wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á ní, "Mo ka Accounting ní poli, sà." Ó parí nìyẹn. Bí ẹni tó ń ta iṣu tó ń sọ pé "iṣu ni."

Àwọn arúgbó yẹn á ní kó sọ iṣẹ́ tó ti ṣe rí, kó fi àpẹẹrẹ sí i, kó fi iye sí i, kó sọ àǹfààní tó ti ibẹ̀ jáde. Ká ní ọmọ náà máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kó sọ ọ́ báyìí: "Mo ka Accounting. Fún ọdún méjì, èmi ni mo ń kọ ìwé àwìn fún òwò ìyá mi, oníbàárà bí ogójì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbèsè tó wà níta dín kù sí ìdajì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe fún yín, sà." Tó bá jẹ́ òótọ́ ni kó sọ ọ́ o! Ẹni tó bá purọ́ níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé gbèsè síwájú rẹ̀ ni àṣírí máa tú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ pé jíjókòó ti ọjà wa jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè kọ sínú CV? Wọ́n ń fi pamọ́, bí ẹni pé ìtìjú ni.

Èkejì ni pé wọn kì í jẹ́ kó dúró de rédíò àti ìwé ìròyìn. Ìwé tí wọ́n ń lò ní kí ẹni tó fẹ́ tètè ríṣẹ́ wá orísun 15 lójúmọ́, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ lè wà tàbí ẹni tó lè mọ̀ nípa rẹ̀, kó kàn sí ènìyàn 10, kó sì fojú kan ojú pẹ̀lú ènìyàn 2. Lójoojúmọ́ o. Àwọn tó ń wáṣẹ́ a tún máa kóra jọ lọ́sẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjìlá, olúkúlùkù á sọ ohun tó ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá àti bóyá ó ṣe é. Bí ẹni tó jẹ àjọ ni, èèyàn ò ní fẹ́ kí ojú ti òun.

A gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn pé Amẹ́ríkà nìyẹn, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Àgbà méjì tó jókòó sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì kò lè ṣí ilé iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé padà, wọn ò sì lè dá owó epo padà sí bó ṣe wà kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní 2023. Arúgbó ọ̀hún náà ń rí owó ìfẹ̀yìntì gbà lásìkò, tiwa ń tò lórí ìlà. A mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ọjà yìí gan-an. Ìyá kan wà tó ń wá ẹni tó lè bá a ṣírò owó láì jí i, ó ti lé ọmọ mẹ́ta lọ lọ́dún yìí. Ìsọ̀ mẹ́rin sí tirẹ̀, ìyá mìíràn ní ọmọ tó ka ìṣirò owó tó wà nílé. Wọ́n ń kí ara wọn láràárọ̀, kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì. Irú èyí kò nílò ìjọba.

Ìdí kejì tí a fi fẹ́ kí àgbà wà níbẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì. Ọmọ ọ̀kan nínú wa san owó fọ́ọ̀mù, ó san owó aṣọ iṣẹ́, ó san owó àyẹ̀wò ara, fún iṣẹ́ tí kò sí níbì kankan. Owó ẹja ìyá rẹ̀ ló bá a lọ. Ká ní ó kọ́kọ́ fi ìwé náà han àgbà kan ni, ìbéèrè kan péré ni ì bá bi í: ta ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bá a ṣiṣẹ́?

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti bá tọkọtaya kan sọ̀rọ̀. Ìyá náà ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó wá máa ta ata gígún láàrin wa. Iṣẹ́ ìjọba ni Bàbá ṣe, ó sì mọ ìwé iṣẹ́ ọba bí ẹní mowó. Wọ́n gbà láti máa jókòó ní ṣẹ́ẹ̀dì ìpàdé wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́fà. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ á ra ìwé, bírò àti omi tí wọ́n máa mu. Ìwé ńlá kan á wà níbẹ̀: apá kan fún ọmọ tó ń wáṣẹ́ àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, apá kejì fún ẹ̀yin tó ń wá òṣìṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí apá kejì yẹn ṣófo o. Ẹni tó bá ń wá ọmọ ìsọ̀, ẹni tó ń wá ẹni tó máa ta ọjà fún un lórí fóònù, ẹni tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, kó wá fi orúkọ sílẹ̀.

Kí ọmọ mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání, kó wọ aṣọ tó mọ́, kó sì dé kí agogo mẹ́rin tó lù. Ìyá rẹ̀ lè tẹ̀ lé e wá tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó má bá a dáhùn ìbéèrè.