Àlejò àti Alùpùpù Àlòkù: Tirẹ̀ Ni Àbí Ó Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ fún àyẹ̀wò lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò tíì kó sínú wàhálà rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ nípa alùpùpù àlòkù ni, àti ọ̀nà tí ẹni tí ó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá lè gbà rà á tí yóò fi di tirẹ̀ ní tòótọ́.

Èdè Yorùbá ti la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì kí ìwé ìjọba tó dé. Bí nǹkan bá wà ní ìkáwọ́ ẹnì kan, a ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀." Bí ó bá jẹ́ pé òun gan-an ni ó ni ín, a ó ní, "Tirẹ̀ ni." Ẹni tí ó yá ọkọ́ aládùúgbò rẹ̀ lò kò torí bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó ni ọkọ́. Ìjọba òde òní wá fi ẹ̀kẹta kún méjì náà: "Orúkọ rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé." Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sára ẹnì kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí wọ́n bá pínyà, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí ó ń kàwé ní Ìlọrin. Èdè Yorùbá ni ó fi mu ọmú. Nígbà tí ó ń kí àwọn àgbà ní Tanke, kò sí ẹni tí ó pè é ní àjèjì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pààlà sáàárín ilẹ̀ wa, Kétu sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn Faransé. Nítorí náà, ọmọ ìyá ni ọmọkùnrin yìí lẹ́nu àwọn aládùúgbò, àlejò ni ó jẹ́ nínú ìwé. Ìwé kì í sì í gbọ́ ohùn ẹnu.

Ó rí alùpùpù kan lọ́wọ́ Alàájì kan, wọ́n ná an, owó wọ̀. Ọmọ náà wá sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì jọ dé ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀." Alàájì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé ojú olè ni o fi ń wò mí ni? Ta ni kò mọ̀ mí ní àdúgbò yìí? Máa gùn ún lọ." Ojú ti ọmọ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó gun alùpùpù lọ.

Alàájì kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ète búburú. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, ọlọ́jọ́ dé, Alàájì ṣaláìsí. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó láti pín ogún, wọ́n tú àpótí ìwé, wọ́n sì rí orúkọ bàbá wọn lórí alùpùpù tí àlejò ń gùn. Kí ni ọmọ Kétu yóò fi hàn? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹni tí ó sì bá a sọ ọ́ ti lọ sí ibi tí a kì í ti í bọ̀ wá jẹ́rìí. Onílé tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè ké sí ẹ̀gbọ́n, ìyekan àti ìmọ̀lẹ́bí. Ti àlejò kò rí bẹ́ẹ̀, ìwé ni ẹbí rẹ̀.

Ìlú onímọ̀ ni Ìlọrin, kò sì yẹ kí á máa ka ìwé kíkọ sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Nínú Àlùkùránì, orí kejì, ẹsẹ̀ 282, a pàṣẹ pé kí á kọ gbèsè tí ó ní àkókò sílẹ̀, kí á sì wá ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń ta ọjà fún ara wa. Àwọn baba wa tí kò mọ ìwé pàápàá kì í ta ohun gidi láìsí ẹlẹ́rìí. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó béèrè ìwé kò pe ẹnì kejì ní olè. Ó ń ṣọ́ ara rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ olùtà pẹ̀lú, nítorí pé bí olùrà bá fi alùpùpù náà gbá ènìyàn tí ó sì sá lọ, ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ kàn.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí á ṣe é? Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùrà wo nọ́ńbà méjì: èyí tí a tẹ̀ sára irin, tí ó sábà máa ń wà ní ọrùn alùpùpù nítòsí hándù, àti èyí tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì. Kí méjèèjì bá ti inú ìwé mu. Bí ó bá rí i pé wọ́n ti ha nọ́ńbà tàbí tún un tẹ̀, kí ó yáa fi ọjà náà sílẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Òfin títa ọjà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1893, tí ó jẹ́ gbòǹgbò irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, fi ìlànà kan lélẹ̀: ẹni tí kò ni nǹkan kò lè sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn. Bí ẹni tí ó ni ín bá dé, yóò gba ohun rẹ̀. Ti ẹni tí ó mọ̀ pé ẹrù olè ni tí ó sì rà á tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó gba ojúlówó ìwé lọ́wọ́ olùtà: ìwé tí ó fi ẹni tí ó ni ọkọ̀ hàn, ìwé-àṣẹ ọdọọdún, àti rìsíìtì tí olùtà fi rà á. Kí wọ́n kọ àdéhùn tí orúkọ, ibùgbé, iye owó, nọ́ńbà méjèèjì, ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Wákàtí kì í ṣe àṣerégèé: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ títa gan-an, òun ni yóò sọ ẹni tí alùpùpù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ ọkọ̀ ti ìpínlẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ àtijọ́, kí wọ́n fi tuntun sí i. Kí àlejò mú ìwé ìrìnnà àti ìwé ìgbélùú rẹ̀ dání, kí orúkọ rẹ̀ sì rí bákan náà nínú gbogbo wọn. Ìwé ìwakọ̀ dúró ní ààyè tirẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ni ó ń rí sí i, ìsọ̀rí A sì ni ti alùpùpù.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń ṣe èyí. Ní ilẹ̀ Faransé, olùtà yóò fa ìlà kọjá lórí ìwé ọkọ̀, yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó tà á sí i, yóò sì fọwọ́ sí i. Olùrà ní oṣù kan láti fi orúkọ ara rẹ̀ gba tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ́fíìsì ìjọba ní Swansea ni olùtà ń sọ fún. Ìwé tí wọ́n sì ń fún olùrà níbẹ̀ sọ gbangba pé ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìtọ́jú rẹ̀ ni òun ń tọ́ka sí, pé òun kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ni ó ni ín. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí ó bá ra alùpùpù ní London kò gbọdọ̀ sọ rìsíìtì rẹ̀ nù. Ẹ ò rí i pé "ó wà lọ́wọ́ rẹ̀" àti "tirẹ̀ ni" ti dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó náà.

Bí ọmọ Kétu bá fẹ́ gun alùpùpù rẹ̀ lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́? Àjọ ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, ṣe àdéhùn kan ní Dakar ní ọdún 1979. Àdéhùn náà gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wà ní òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ó gba ọkọ̀ ti ara ẹni láàyè fún 90 ọjọ́ bákan náà, ó sì fún ọkọ̀ èrò àti ẹrù ní 15 ọjọ́ péré. Ṣùgbọ́n ó béèrè ìwé ìwakọ̀, ìwé tí ó fi ẹni tí ó ni ọkọ̀ hàn, ìwé adójútòfò àti ìwé àwọn aṣọ́bodè. Ẹni tí orúkọ Alàájì ṣì wà nínú ìwé rẹ̀ yóò rojọ́ lẹ́nubodè. Bí ó bá sì fẹ́ kí alùpùpù náà dúró sí Kétu títí, àbẹ̀wò ti parí nìyẹn: yóò san owó ibodè, yóò sì gba ìwé tuntun níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó bi àwọn àgbà Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ Gánà rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ta ohun ìní wọn ní ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn fi tiwọn síkàáwọ́ ọ̀rẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣèhù Ṣàgàrí ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àlejò ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò aláràbarà tí ọ̀pọ̀ wọn fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn títí di òní. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ní ìwé ṣeé tà, ó ṣeé fi ránṣẹ́, ó sì ṣeé padà wá béèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ni ó yẹ kí ó bá a ríran. Bí àlejò bá ra nǹkan lọ́wọ́ wa, kí á má ṣe dúró kí ó tó bẹ̀ wá. Àwa gan-an ni kí á wí fún un pé, "Mú bírò wá, pe ẹlẹ́rìí, kí á jọ lọ sí ọ́fíìsì."