Òṣùwọ̀n Tó Pé fún Ilẹ̀ Tí Wọ́n Wa Kùsà Nínú Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá sánmà àti ilẹ̀, tí Ó sì mú onírúurú ewéko hù jáde láti inú erùpẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ títí di Ọjọ́ Ìgbéǹde.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí oníṣòwò dín òṣùwọ̀n kù. Odidi Súúrà kan nínú Àlùkùráánì, Súúratul Mutaffifīn, ló ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọjà nìkan ni òṣùwọ̀n wà. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irúfẹ́ ewéko wà lórí rẹ̀, tí ó wa àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀ tà, tí ó sì dá a padà pẹ̀lú koríko kan ṣoṣo, òun náà ti dín òṣùwọ̀n kù, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lójú.

Kí ni ìwúlò onírúurú ewéko? Gbòǹgbò òmíràn rìn jìnnà, ti òmíràn di òkè ilẹ̀ mú. Àwọn bí ẹ̀wà ń fi oúnjẹ kún ilẹ̀. Òmíràn ni oyin ń jẹ, òmíràn ni egbòogi. Bí àrùn bá kọlu ọ̀kan, ìyókù yóò dúró.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1977, Ààrẹ Jimmy Carter ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan lórí ìwakùsà èédú. Òfin náà béèrè ewéko onírúurú tí yóò lè máa hù fúnra rẹ̀, kí ó sì jẹ́ irú ti àdúgbò náà. Awakùsà gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbìn, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù náà wà fún ọdún 5. Níbi tí òjò ọdún kan kò bá ju ínṣì 26 lọ, ọdún 10 ni. Síbẹ̀, ní àwọn òkè Appalachia, wọ́n tẹ ilẹ̀ le gbagidi, wọ́n sì fún koríko alágbára sí i, tí igi kò fi rí ibi hù. Ọ̀rọ̀ òfin dára, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò mú.

Ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa bọ́sáìtì nínú igbó igi jarrah ní 1963. Igi àjèjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbìn padà. Nígbà tó yá, wọ́n padà sí igi ibẹ̀ gan-an, wọ́n sì fi ọdún 2000 ṣe gbèdéke pé, ní oṣù 15 lẹ́yìn àtúnṣe, iye irúfẹ́ ewéko ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti igbó tí wọn kò wa dọ́gba. Àṣírí wọn ni erùpẹ̀ òkè ilẹ̀, níbi tí irúgbìn ń sùn sí. Níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, wọn kì í kó o jọ kí ó kú. Láti ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni wọ́n ti ń gbé e lọ tààrà síbi tí wọ́n ń tún ṣe.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n ka ewéko kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Kí wọ́n fi igbó tó wà nítòsí ṣe àfiwé. Kí wọ́n má ka èpò àjèjì mọ́ ọn. Kí wọ́n má dá owó ìdógò padà títí ìkà náà yóò fi pé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà. Ní Jos, kòtò tí ìwakùsà tíìnì fi sílẹ̀ ṣì wà. Yukalípítọ́ọ̀sì, igi àjèjì, ni wọ́n gbìn sí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n tún ṣe. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí ń wa wúrà ń ṣí oko kòkó. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 béèrè àtúnṣe ilẹ̀. Ó yẹ kí ọba, ìmáàmù àti àgbẹ̀ bi awakùsà léèrè: irúfẹ́ mélòó ni ẹ bá níbẹ̀, mélòó ni ẹ ó dá padà?

Amáánà ni ilẹ̀. Ànábì kọ́ ìjọ rẹ̀ pé sàdáákà ni ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn. Kí Ọlọ́hun má ṣe wá nínú àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Āmīn.