Nígbà Tí Kálámù Bá Gbẹ Lọ́wọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Àwọn baba wa bọ̀ wọ́n ní, ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò. Ẹ̀yin ni ará yòókù.

Ẹgbẹ́ yìí ni ó fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ ní èṣí pé kí n kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nípa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba àti àwọn ìyá wa. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo rò pé ẹni tí ó ti ń wàásù láti ọdún mẹ́rìnlélógún, tí ó sì ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, kò lè ṣe aláìrí ọ̀rọ̀ kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti tábìlì, àkọlé nìkan ni mo rí kọ. Alẹ́ kìíní, alẹ́ kejì, alẹ́ kẹta, bákan náà ni. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ ìmísí. Nígbà tí mo dìde, àkọlé náà ni mo tún bá níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, bí a ti jáde nínú ilé Ọlọ́run, ìyá arúgbó kan tí ó jẹ́ aláró pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Alùfáà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwàásù yín dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹ ń bá sọ ọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Òótọ́ ni ó sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi máa ń ro ìwàásù mi, kí n tó yí i padà sí Yorùbá. Mo dàbí ẹni tí ń fi agbọ̀n pọnmi: kí n tó délé, omi ti jò tán.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá ìyá náà ní ìdí aró rẹ̀. Ó ń sẹ́ omi eérú lọ́wọ́. Mo sọ ìṣòro mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bí aró bá kọ̀ tí kò mú aṣọ, a kì í na ìkòkò. Elu ni a ń wá kún un, a óò sì dúró dè é.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà nìkan, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó lé ní ogún tí n kò gbọ́ rí, èmi tí a ń pè ní ọ̀mọ̀wé.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó jù mí lọ. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Síbẹ̀, nígbà tí ó dìde láti wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown, ní oṣù kìíní ọdún 1844, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó dàbí ẹni pé òun jẹ́ ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ sọ. Kí ni ó ṣe? Ẹnu àwọn àgbà ni ó ń ṣọ́, tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ wọn àti òwe wọn sílẹ̀. Ní 1850 Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde. Ní 1852 ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún jáde pẹ̀lú àfikún. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ fún ọdún 11 sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá káwọ́ lérí. Òun kò fi kálámù sílẹ̀. Ní 1884 odidi Bíbélì Yorùbá jáde, iṣẹ́ tí òun àti àwọn mìíràn pawọ́ pọ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ará mi, iná nìkan kọ́ ni ó ń jó ọ̀rọ̀ wa run. Mo ṣèlérí fún ìyá aláró náà pé n óò padà wá lẹ́yìn ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo padà, ìsìnkú rẹ̀ ni mo bá. Ewé ìwé mẹ́rin péré ni mo ti kọ láti ẹnu rẹ̀. Ìyókù bá a lọ.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ̀yin ìjòyè, tí alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò àti onílù wà ní agboolé yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò máa wá ní àkókò ìsinmi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò béèrè ogún ọ̀rọ̀ láti inú iṣẹ́ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á máa fi Yorùbá ro ìwàásù wa. Ìmísí tí a ń tọrọ lórí eékún, Ọlọ́run ti fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sí ẹnu àwọn tí ó jókòó níwájú wa ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ti ìwé tí Ẹgbẹ́ rán mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláró ni orí kìíní. Kí Ọlọ́run kí ó dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí títí a óò fi kọ ìyókù.