Ẹ Jẹ́ Kí A Ya Àwòrán Àwọn Ìyá Wa



Ní ọdún 1874, Camille Pissarro pàtẹ àwòrán kan ní ìlú Paris: àgbẹ̀ tí ó gbé ìdì igi sẹ́yìn, tí ó ń gba ọ̀nà oko lọ ní òwúrọ̀ òtútù. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò parí. Lóòótọ́, bí a bá súnmọ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọ̀dà tí a fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ṣákálá ni. Bí a bá fà sẹ́yìn, ènìyàn ni, ìmọ́lẹ̀ sì ń bẹ lára rẹ̀.

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àwọn ìyá wa ń ru igi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè nínú kùukùu. Kí kùukùu tó ká, wọ́n ti kọjá. Akinọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, aládùúgbò wa, ti fi ọ̀dà ya ìgbésí ayé Yorùbá kí ó tó di olóògbé ní 1972. Onírèsé kọ̀, kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín kò leè parun. Èyí tí a kò fín rárá ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń bẹ lókè òkun, ẹ fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn ọmọ ya ìyá wọn nígbà tí ojú ṣì ń rí wọn.